Èwo Nínú Wa Ló Ṣe Ìgbóná?

Bí ẹ bá bi ìyá wa pé èwo nínú wa ló fọ́ àwo, wọ́n á ní àwa méjèèjì ni. Èwo ló gba ipò kìíní ní kíláàsì? Àwa méjèèjì. Èwo ló tọ̀ sórí ẹní? Àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èmi, kì í ṣe Kẹ́hìndé, ọmọ àlejò kan tó sùn sílé wa ni, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹgba rẹ̀. Ìwà yìí ti sú mi láti kékeré. Ẹni tí kì í bá ṣe ìbejì lè máa rẹ́rìn-ín, kó wá bá mi gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Èmi ni Táíwò. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ wọ́n ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán mi pé kí n lọ wo bí ayé ṣe rí. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni rán mi níṣẹ́. Òṣogbo ni mo wà, mo ń rán kọ́tìnnì àti aṣọ àga. Kẹ́hìndé ń ṣe tíṣà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlobù, ìlú bàbá wa, ibẹ̀ náà ló sì lọ́kọ sí. Bàbá wa ti kú. Ìyá wa, tó jẹ́ ọmọ Ìfọ́n, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n sì ti padà sílé bàbá tiwọn. Láti Ìlobù dé Ìfọ́n kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tún dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, ọlọ́kadà Ìlobù á já ẹ sílẹ̀ kó o tó dé ààlà, wàá fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, kó o tó wá rí ti Ìfọ́n gùn.

Ohun kan ṣoṣo wà tí mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Ìgbóná ni, kì í ṣe ti ayé àtijọ́ tó ń pa odidi agbo ilé, èyí tó ń mú ọmọdé ni, tí àwọn dókítà ń pè ní ṣíkìn-pọ́ọ̀sì. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nígbà náà. Bàbá wa gbé mi sórí alùpùpù lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá wa ní Ìfọ́n, wọ́n fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Ní Ìfọ́n, Ìyá Àgbà fá mi lórí. Wọ́n ń fi omi ewé ẹ̀jìnrìn wẹ̀ mí láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ń fi ẹfun kùn mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí n jáde. Ara ń yún mi. Mo ń ké pe Màmá títí ohùn mi fi há, Màmá ò wá. Ìgbà tí wọ́n máa fi wá mú mi, ìjà ilẹ̀ ti ọdún yẹn dí ọ̀nà, mo tún pẹ́ sí i. Nígbà tí mo wá délé, Kẹ́hìndé ni mo bá lórí ẹsẹ̀ Màmá, orí tiẹ̀ náà dán kodoro, ẹfun sì wà lára tiẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún Táíwò ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún Kẹ́hìndé, wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìyẹn ni pé èmi ni mo ṣàìsàn nílé onílé, òun ló gba ẹfun lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ò sì yéé bí mi láti ọjọ́ náà. Bí Màmá bá ra bàtà méjì, mo máa ń wò ó pé èwo ló dára jù, tí wọ́n bá ti fún Kẹ́hìndé, mo máa sọ lọ́kàn mi pé òun náà ṣáà ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń bínú nìṣó ni.

Ìgbà tí Kẹ́hìndé pè mí, orí máṣíìnì ni mo wà.

"Táyé, ara màmá Irewọlé ò yá o. Roro omi kéékèèké bí ìléròrò tò sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, ó ti ẹ̀yìn wá dé abẹ́ ọyàn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ó ń ta wọ́n bí ìgbà tí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé e."

Irewọlé ni ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ náà sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Mo bi í pé ta ló ń tọ́jú wọn.

"Èmi náà ni. Àtàná ni mo ti ń bá wọn nù ún. Irewọlé ní ó jọ ìgbóná, pé èmi sì ti ṣe é rí."

Àṣà wa nìyẹn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni wọ́n máa ń fi ti ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́, nítorí kì í tún mú un. Mi ò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n oyún wà nínú Kẹ́hìndé, oyún kẹta sì ni. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Mo wà níbẹ̀ nígbà èkejì, mo mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí, mi ò sì fẹ́ rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

"Kẹ́hìndé, ìwọ wo ló ṣe é rí?"

"Ṣebí àwa méjèèjì..."

"Má bá mi sọ àwa méjèèjì! Èmi ni mo ṣe é, ní Ìfọ́n, èmi nìkan. Ẹfun lásán ni wọ́n kùn ẹ́."

"Mo rántí pé ara yún mi, Táyé."

"Ẹ̀jìnrìn ló yún ẹ! Kò sí ẹni tí wọ́n á máa fi ẹ̀jìnrìn wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ tí ara ò ní yún. Gbọ́wọ́ kúrò lára ìyá yẹn, lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ń bọ̀."

Kí n tó dé Ìlobù, mo ti bá gbogbo ènìyàn jà tán nínú ọkọ̀, wọn ò kàn gbọ́ ni. Mo mú Kẹ́hìndé, ó di ilé ìwòsàn kékeré tó ti ń gba àyẹ̀wò oyún. Dókítà Ayọ̀mikún ló wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ti lọ wo ìyá náà nílé láàárọ̀.

"Ìgbóná tí màmá yẹn ṣe ní kékeré ló tún jáde," ló wí. "Tí ìgbóná bá san, kì í kúrò lára tán. Kòkòrò rẹ̀ á sá pamọ́ sí ìdí iṣan lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn, á sùn síbẹ̀. Ara tó ti bá a jà rí ò ní jẹ́ kó gbérí. Tí èèyàn bá wá dàgbà, tí ara ò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ọ mọ́, á gba ojú iṣan kan jáde. Ìdí tó fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Ṣíngùsì là ń pè é."

"Ṣé ó ń ràn?"

"Èèyàn kì í kó ṣíngùsì lára ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n omi inú roro yẹn, tó bá kan ẹni tí kò ṣe ìgbóná rí, ìgbóná gan-an lonítọ̀hún máa ṣe. Lára ọmọdé, ó máa ń fúyẹ́. Lára àgbà, ó máa ń le. Lára aláboyún..." Ó wo ikùn Kẹ́hìndé, ó rọra wá sọ̀rọ̀. "Ó lè le fún ìyá, ó lè le fún ọmọ. Ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Kẹ́hìndé wí.

"Rárá o," ni èmi wí.

Dókítà wo èmi, ó wo òun. Ó ní àwọn máa gba ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé. Ó ní tí ara bá ti bá àrùn yìí jà lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń fi ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ dè é, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà á sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Bí àrùn náà bá tún wọlé, wọ́n ti mọ ojú rẹ̀, wọ́n á lé e dànù kó tó jókòó. Bí wọ́n bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé, kò séwu. Bí wọn ò bá sí, abẹ́rẹ́ kan wà tí òun máa wá kiri fún un, kì í sì í rọrùn láti rí, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gún un. Ìbàdàn ni wọ́n máa gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ.

"Kí èsì tó dé, ẹ lọ bi màmá yín dáadáa," ló wí. "Àǹtí Táíwò, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé kí n gba tiyín náà?"

"Tèmi kẹ̀? Dókítà, mo ṣe é, mo rántí ẹ̀ bí àná. Ìgbà èwe mi ni mo fẹ́ gbé lọ béèrè ní Ìbàdàn?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi jiyàn. Ì bá ti bá mi jiyàn.

Mo forí lé Ìfọ́n lọ́jọ́ kejì, ọ̀kadà kan, ẹsẹ̀, ọ̀kadà kejì. Màmá jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Táíwò, káàsán. Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Màmá, mo fẹ́ bi yín..."

"Irewọlé ńkọ́?"

"Ó wà, mà."

"Ara ìyá ọkọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ara wọn ò yá. Àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí òjò Òṣogbo fi tán lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí n jókòó, mo béèrè ọ̀rọ̀ mi kíákíá kí wọ́n tó tún rí ohun mìíràn kí.

"Màmá, èwo nínú wa ló ṣe ìgbóná?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

"Màmá!"

"Kí lo ń pariwo fún? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe é. Ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n fá lórí, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n wẹ̀."

"Mi ò béèrè ẹni tí wọ́n wẹ̀, Màmá. Ara ta ni roro ti yọ? Ẹnì kan ni. Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi."

Wọ́n mú òkúta kékeré kan nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mi ò ní ya yín sọ́tọ̀ lẹ́nu. Ìyá mi kìlọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo bí yín. Tí mo bá ti ní ọ̀kan ló ń ṣàìsàn, èkejì máa gbọ́, á tẹ̀ lé e. Mi ò tíì ṣe é rí, mi ò sì ní torí ìgbà tó ti lọ bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Oyún Kẹ́hìndé là ń sọ."

Ọwọ́ wọn dúró nínú àwo. "Kò ní ṣe oyún Kẹ́hìndé ní nǹkan kan."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mo bí yín, Táíwò. Mo ní kò ní ṣe é ní nǹkan kan, ṣé ìyẹn ò tó ni?"

Kò tó! Obìnrin tó fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣirò, tí wọ́n máa ń na ọmọ tí kò bá fi iṣẹ́ hàn bó ṣe rí ìdáhùn, wọ́n ní kí èmi gba ìdáhùn láìrí iṣẹ́. Mo ti dìde. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀ ní Ìfọ́n yìí pẹ̀lú àìsàn, kí ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rántí ẹni tó ṣe é? Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó lè dì í mú. Màmá wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Wọ́n ní, "Táíwò, padà wá jókòó, jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Mi ò jókòó. Mo ti dójú ọ̀nà, mo ń nawọ́ sí ọ̀kadà, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pè mí, mi ò wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ò le mọ́ lójú mi. Kẹ́hìndé ò gbọdọ̀ súnmọ́ ìyá náà, ìyá náà ò lè wà láìní olùtọ́jú, èmi ni mo sì ti ṣe ìgbóná. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo lọ sí Ìlobù. Kẹ́hìndé kó lọ sọ́dọ̀ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Mo ní kó má sọ fún Màmá pé èmi ni mo dúró síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí. Ní tòótọ́, mi ò fẹ́ gbóhùn wọn.

Kí Ọlọ́run má fi ìyá ọkọ ẹlòmíràn fún wa tọ́jú. Màmá Irewọlé ò burú, ṣùgbọ́n ìrora ti mú ẹnu wọn gùn. Tí mo bá fi owú nu roro yẹn, wọ́n á ní ọwọ́ mi le ju ti Kẹ́hìndé lọ. Tí mo bá rọra ṣe é, wọ́n á ní ṣé mò ń bẹ̀rù wọn ni. Mo bò ó mọ́lẹ̀ bí dókítà ṣe wí, wọ́n tú u, wọ́n ní atẹ́gùn ni kó fẹ́ sí i. Mo tún bò ó. Wọ́n tún tú u. Irewọlé ní tirẹ̀, kò mọ̀ bóyá òun ti ṣe ìgbóná rí, ìyá rẹ̀ náà ò sì rántí mọ́, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí wa. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Táyé! Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́?" Bí mo bá ní mo fẹ́ nǹkan, á gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sá. Mo fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n dókítà ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí oorun bá fẹ́ gbé ìyá náà lọ, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọn ò sì ní fi í sílẹ̀. Èmi náà ò fà á yọ. Mo máa ń jókòó bẹ́ẹ̀, màá máa ronú nípa ẹ̀jẹ̀ kan tó wà ní Ìbàdàn, màá máa bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé èmi ni mo parọ́.

Dókítà pè wá lọ́jọ́ Ẹtì. Kẹ́hìndé ò lè dá gbọ́ ọ, ó ní kí n wá dúró ti òun. Dókítà Ayọ̀mikún ò tiẹ̀ jẹ́ ká jókòó.

"Ẹ̀ṣọ́ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yìí," ló wí. "Ara yín ti mọ ìgbóná tipẹ́tipẹ́, Ìyá Ìkókó. Kò sí ohun tó máa ṣe yín, kò sì sí ohun tó máa ṣe ọmọ yín."

Kẹ́hìndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fọwọ́ bojú, ó sunkún. Èmi náà sunkún, inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n a ò tíì dé ẹnu géètì tí inú tún ti ń bí mi. Gbogbo wàhálà yìí, ṣọ́ọ̀bù tí mo tì, ìyá onírora tí mo ń bá jìjàdù lórí báńdéèjì, àríyànjiyàn ti Ìfọ́n, òfo ni gbogbo rẹ̀! Màmá ló jàre. Àwa méjèèjì la ṣe é. Mo ní kí Kẹ́hìndé má sọ fún wọn pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Roro ara ìyá náà ti ń gbẹ, mo padà sí Òṣogbo. Mi ò tíì rán kọ́tìnnì kan tán nígbà tí ibà gbé mi dè. Mo lo oògùn ibà, kò gbọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí, orí ń fọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo ń wẹ̀, mo rí roro omi mẹ́ta láyà mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti bo ikùn mi, ó ti wọ irun orí, ó ti dé inú ẹnu. Mo pe Kẹ́hìndé. Mo ní, "Wá wo nǹkan."

Òun àti Irewọlé ló fi takisí wá kó mi. Irewọlé jókòó níwájú, ó yọ orí síta fèrèsé títí a fi dé Ìlobù.

Dókítà Ayọ̀mikún wo àyà mi, ó wo ọ̀fun mi, ó gbọ́ bí mo ṣe ń wú ikọ́, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ rántí bí àná," ló wí.

"Mo rántí, Dókítà."

"Ara yín ò rántí o. Ara tó bá ti pàdé èyí rí ò ní jẹ́ kó tàn báyìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni, àgbà lẹ sì ti dà." Ó fún mi lóògùn, ó ní bí mi ò bá ti lè mí dáadáa, kí wọ́n gbé mi wá kíá, wọn ò gbọdọ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe lé Irewọlé kúrò nílé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, tí Kẹ́hìndé aláboyún wá di olùtọ́jú mi. Òun ló ń nù mí. Òun ló ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú jù. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ara ń yún mi, èyí kì í ṣe irú yíyún tí mo mọ̀ rí rárá. Mo mọ ti ẹ̀jìnrìn. Tibí yìí ń ti abẹ́ awọ wá. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: bí kì í bá ṣe ìgbóná ló gbé mi lọ sí Ìfọ́n, kí wá ni mo lọ ṣe níbẹ̀?

Màmá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kẹ́hìndé ló pè wọ́n. Eruku bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún, wọn ò rí ọ̀kadà lápá Ìlobù, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín wá. Wọn ò kí ẹnì kankan. Wọn ò béèrè Irewọlé, wọn ò béèrè òjò. Wọ́n jókòó sétí ibùsùn, wọ́n ń wo ojú mi tó ti wú.

"Màmá, ẹ má súnmọ́ mi."

"Èmi ti ṣe tèmi ní kékeré. Ta ló ní kó o lọ fọwọ́ kan ìyá yẹn? Mi ò gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Màmá, èwo nínú wa ló ṣe é?"

Mo rí i tí ẹnu wọn fẹ́ gba ọ̀nà tó mọ̀. Wọ́n wo Kẹ́hìndé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ikùn rẹ̀, wọ́n tún wò mí.

"Kẹ́hìndé ni," ni wọ́n wí. "Kẹ́hìndé nìkan."

Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n fi orúkọ kan ṣoṣo dáhùn rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi.

"Ọjọ́ tí mo rí i lára rẹ̀ náà ni mo ní kí bàbá yín gbé ẹ kúrò nílé. Ikọ́ ò tíì fi ẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, Táíwò, ọ̀rọ̀ ẹ ti sú dókítà méjì. Mo ní tí ìgbóná bá fi kan ìwọ, mi ò ní rí ẹ mọ́. Ìyá mi ló wá ní ohun tí a bá ń ṣe fún Kẹ́hìndé níbí, àwọn náà á máa ṣe é fún ẹ lọ́hùn-ún, kí ọ̀kan má bàa fa èkejì mọ́ra. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fá ẹ, wọ́n fi ẹfun kùn ẹ́. Roro kan ò yọ lára ẹ."

"Ẹ ò wá wò mí."

"Mo wá. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wá. Mo dúró sẹ́yìn ilé, mo rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, ò ń pè mí. Ọwọ́ tí mo fi ń nu roro Kẹ́hìndé ni mo gbé wá, ẹ̀rù bà mí kí n má fi kàn ẹ́. Mo padà sílé." Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Ọjọ́ tó o wá yẹn, mo fẹ́ sọ ọ́. O ò dúró."

Mo wá ìbínú mi, ìbínú tí mo ti gbé kiri láti kékeré, tí mo mọ gbogbo igun rẹ̀. Mi ò rí ibi tí màá gbé e kà. Kẹ́hìndé ló ni àìsàn náà. Èmi ni wọ́n gbé sá kúrò lọ́nà rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ẹ ṣeun, ọ̀fun mi kún fún roro, ojú sì ń tì mí, bí ó ṣe wá jáde ni pé, "Ṣé ẹ ò wá lè sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí ni, Màmá? Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀ pé o ṣì ń rò ó," ni wọ́n wí.

Kẹ́hìndé gbé omi wá. Nígbà tó ṣe, Màmá na ọwọ́ sí báàgì wọn, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ tètè máa lọ kí wọ́n tó dí ọ̀nà, pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìjọba ti ní kí oníkálukú wà nílé rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

"Màmá, ẹ má lọ."

Wọ́n gbé báàgì náà sílẹ̀. Wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n sún sẹ́yìn lórí ibùsùn, wọ́n gbé orí mi, tòun ti roro tòun ti ibà, lé orí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ní kí Kẹ́hìndé lọ sùn, nítorí èmi nìkan ni ara mi ò yá.